Ọwọ́ Màmá Ló Há, Inú Wọn Ò Há

Ẹni tó bá fẹ́ bọ ìyá ìyá mi lọ́wọ́ nígbà ayé wọn gbọ́dọ̀ ní àsìkò. Bí wọ́n bá ti di ọwọ́ rẹ mú, o ò lè tètè gbà á padà. Wọn á máa bá ọ sọ̀rọ̀, wọn á béèrè ìyá rẹ, wọn á béèrè bàbá rẹ, iṣẹ́ rẹ, ọ̀nà tí o gbà wá, àfi bí ẹni pé ìfẹ́ ló mú kí wọ́n dì ọ́ mú bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òdodo ọ̀rọ̀ ni pé ọwọ́ náà ò tíì tú ni. Bí ìka wọn bá ti ká, wọ́n ní láti dúró dè é kó tó ṣí, wọ́n sì ti mọ bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ra àsìkò.

Àwa ọmọ-ọmọ ń pè wọ́n ní Màmá. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n kọ́ ní Ọ̀yọ́ ń pè wọ́n ní Tíṣà Dúró-ná, lẹ́yìn wọn ni o, kì í ṣe lójú wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Bàbá wọn dáko ní Ìkòyí-Ilé títí ó fi darúgbó. Ọ̀yọ́ ni Màmá wá lọ́kọ sí, Ọ̀yọ́ náà ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi di hẹdimísírẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì. Mi ò ní ka ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ti ka ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, ó sì gùn débi pé àwọn ọmọdé sùn lọ fọnfọn. Àwọn ohun tí kò sí nínú èyí tí wọ́n kà lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ.

Ara Màmá dà bí ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú gbóná kó tó rìn. Àwọn fúnra wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó pẹ́, tí wọ́n wá dìde lójijì, ẹsẹ̀ wọn á le bí igi, wọn á dúró sójú kan. Bí wọ́n bá fi agídí gbé ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e á rọrùn jù ú lọ, kò sì ní pẹ́ tí wọn á fi máa rìn bí ọmọge. Nítorí náà, kò sí ohun tí Màmá fẹ́ ṣe tí wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àkókò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìwàásù bá ti ń sún mọ́ ìparí, Màmá á ti máa na ẹsẹ̀, wọn á ká a, wọn á tún na án lábẹ́ bẹ́ǹṣì, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí ìjọ dìde, wọn á bá ìjọ dìde. Àlùfáà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ fún wọn lẹ́yìn ìsìn pé òun máa ń mọ ìgbà tí ìwàásù òun bá ti gùn jù, nítorí òun á rí ẹsẹ̀ Màmá tó ń lọ sókè sódò. Màmá ní, "Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ yín sú mi. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń pè kó wá gba oore-ọ̀fẹ́."

Ara náà lágbára o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Apá Màmá ki, ojúgun wọn yi, àfi bí ẹni tó ń fi igi lílà ṣiṣẹ́ ṣe. Télọ̀ wọn kì í yé ráhùn pé aṣọ tí òun rán fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn bá gbogbo wọn mu, àfi apá aṣọ Màmá nìkan. Màmá á na apá sí i, wọn á ní, "Tún un wọ̀n. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, iṣẹ́ tìrẹ ni kí o rán an."

Àwọn tí wọn kì í bá rẹ́ rárá ni àwọn oníkẹ̀kẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ dúró; bí ẹsẹ̀ kan bá ti balẹ̀, ó ti tẹná. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan gbé èmi àti Màmá láti Òwódé lọ sí Akẹ̀sán. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ kíá, kọ́sítómà ń dúró." Màmá di irin ẹnu ọ̀nà kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn sọ̀, ọwọ́ ò sọ̀. Ó lẹ̀ mọ́ irin náà.

"Màmá, ẹ fi kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀, mà!"

"Ọmọ mi, èmi náà ń gbìyànjú."

Kí a tó mọ̀, èèyàn ti pé lé wa lórí. Wọ́n rò pé ọmọkùnrin náà rẹ́ arúgbó jẹ ni, tí arúgbó sì fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti fa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yọ, òmíràn ń bú u pé ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Nígbà tí ọwọ́ Màmá tú, Màmá fúnra wọn ló gbèjà ọmọkùnrin náà. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ padà fún un, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì sọ gbólóhùn kan tí mo ti bá pàdé lọ́pọ̀ ìgbà láyé mi: "Ẹni tó bá ń kánjú ló máa ń bá mi dúró pẹ́ jù."

Lédè wa, ẹni tí kì í fún èèyàn ní nǹkan, a ní ọwọ́ rẹ̀ há. Ẹ wá ro bó ṣe rí fún ìyàwó tuntun tí ọwọ́ rẹ̀ há lóòótọ́. Bàbá àgbà mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ìyá Ṣàngódélé, tó ń bọ Ṣàngó tọkàntọkàn, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé Màmá wọlé tí wọ́n ní kí ìyàwó pín ẹran. Màmá mú èyí tó tóbi jù, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n nà án sí Ìyá Ṣàngódélé. Ìyá Ṣàngódélé fà á. Ẹran ò wá. Ó tún fà á.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ fún mi ni àbí o ò fẹ́ fún mi?"

"Mo fẹ́ fún yín, mà."

"Fi í sílẹ̀ nígbà náà!"

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo agboolé ti gbọ́ pé ahun ni ìyàwó tí wọ́n gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá sọ fún mi pé àwọn sunkún lọ́jọ́ náà, wọ́n nu ojú, wọ́n sì ronú. Láti ìgbà náà, wọn kì í fi nǹkan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Wọn á gbé e sínú àwo tàbí sórí tábìlì, wọn á ní, "Ẹ gbé e." Ohun tí wọ́n bá sì gbé síbẹ̀ á pọ̀ débi tí ẹni tí wọ́n fún á fi máa kọ̀. Mo mọ obìnrin kan tó wá kí wọn lásán tó gbé odindi àpò gàrí lọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá dúpẹ́ jù, wọn á ní, "Ọwọ́ mi ló há, inú mi ò há."

Ní ti Ìyá Ṣàngódélé, òun àti Màmá bá ara wọn jà títí ọjọ́ ogbó. Wọ́n jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọ́n jà lórí ẹni tó yẹ kó gbá ojúde, wọ́n jà lórí Jésù àti Ṣàngó. Bí ìjà bá parí, wọn á jẹun nínú àwo kan náà. Títí Màmá fi hewú, "Ìyàwó" ni Ìyá Ṣàngódélé ń pè wọ́n. Mo bi Màmá nígbà kan pé ṣé ìjà náà kì í sú wọn. Wọ́n ní, "Ta ni n ó tún máa bá jà? Àwọn tó kù ń bẹ̀rù mi."

Ohun kan wà tí Màmá fi pamọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀fẹ̀ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n, wọn á ní làkúrègbé ni. Bẹ́ẹ̀, làkúrègbé kì í ṣe ọmọdé, ara Màmá sì ti ń le láti kékeré. Bàbá wọn náà ní i. Wọ́n ní lówùúrọ̀ ọyẹ́, bí bàbá náà bá gbá ọkọ́ mú, ọkọ́ kì í fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́mì, ìyẹn ìyá tó bí mi, ní tiwọn, ṣùgbọ́n tiwọn fúyẹ́, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Èmi ni mo wá jogún rẹ̀ ní kíkún. Màmá kì í sì fẹ́ kí àwọn ará ìta mọ̀, nítorí bí wọ́n bá ní nǹkan ń ṣe ìdílé kan, ta ni yóò fẹ́ ọmọ ibẹ̀? Ìlànà tí wọ́n fún Mọ́mì kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹni tó bá bi ọ́, làkúrègbé ni."

Ejò ló tú àṣírí náà.

Mo ti bọ́ sí ilé ìwé girama nígbà náà, mo ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì. A tò sórí ìlà láàárọ̀ fún àdúrà, ejò kan yọ láti inú koríko, gbogbo wa pariwo. Àwọn tó kù fọ́n ká. Èmi náà fẹ́ sá. Ẹsẹ̀ mi le, apá mi le, mo sì wó lulẹ̀ gbalaja bí igi tí wọ́n gé. Ojú mi là kedere. Mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, n kò kàn lè gbé ara mi ni. Ejò náà wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ máa fi padà dé, mo ti ń gbìyànjú láti dìde. Ọmọ kan ló kọ́kọ́ kígbe: "Wárápá ló ní!"

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣe. Kó tó di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹun nítòsí mi. Àwọn tí bẹ́ẹ̀dì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fa tiwọn jìnnà. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń lo síbí kan ní ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, pírínsípà ránṣẹ́ pe Mọ́mì. Ó ṣàlàyé pẹ̀lú ìtìjú pé àwọn òbí ń yọ òun lẹ́nu, pé yóò dára kí wọ́n ṣì mú mi lọ sílé ná, bóyá kí wọ́n wá ilé ìwé mìíràn fún mi.

Mọ́mì gbé mi lọ sọ́dọ̀ Màmá. Mọ́mì ti pinnu. Àbúrò wọn kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó máa gbé, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Màmá gbọ́ ọ tán. Wọ́n wò mí níbi tí mo jókòó sí tí mò ń sunkún.

"Bí o bá gbé e lọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ejò ò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

Mọ́mì ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ní ká máa pè é ní làkúrègbé."

Màmá fi etí aṣọ wọn nu ojú mi.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo pa á, Àṣàkẹ́ tó jókòó yìí kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Ìgbà wo ni àwọn òbí ń ṣe ìpàdé?"

Lọ́jọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́ náà, Màmá wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ gba Oúnjẹ Olúwa. A jókòó níwájú. Mo retí kí wọ́n máa mi ẹsẹ̀, kí wọ́n máa ká ìka gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọn ò ṣe é. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ère, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọn ò mira. Ọyẹ́ ń fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Mo rọra sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ mira o." Wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Ìgbà náà ló yé mi pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kó le.

Bàbá kan dìde, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ tí òun fẹ́ sọ ní gbangba, pé àwọn ò fẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn máa bá ọmọ tó ní wárápá sùn ní yàrá kan náà. Àwọn kan kùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́mì tẹrí ba. Màmá nawọ́, wọ́n sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wàì. Ẹsẹ̀ wọn há. Wọ́n dúró gan-an níbẹ̀, gbogbo èèyàn ń wò wọ́n.

"Èmi ni ìyá àgbà ọmọ náà. Pírínsípà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bọ̀ mí lọ́wọ́."

Pírínsípà, obìnrin tí ara rẹ̀ balẹ̀, rìn wá, ó tẹrí ba fún àgbà, ó nawọ́. Màmá gbá ọwọ́ náà mú ṣinṣin.

"Ẹ gba ọwọ́ yín."

Pírínsípà fà á. Kò tú. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún fà á, ẹ̀rín náà ń gbẹ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù. Mi ò ní jẹ yín. Ẹ wò mí dáadáa, gbogbo yín. Ṣé ojú mi yí? Ṣé ẹnu mi ń hó? Ṣé mi ò mọ ibi tí mo wà? Ọwọ́ mi le ni, ọpọlọ mi wà níbẹ̀. Ohun tó ṣe ọmọ yìí lọ́jọ́ tí ejò yọ nìyí, gbogbo ara rẹ̀ ló ṣe bí ọwọ́ mi yìí."

Ọwọ́ náà tú. Màmá tún bọ pírínsípà lọ́wọ́. Ó le, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún bọ̀ ọ́, wọ́n tún bọ̀ ọ́, títí wọ́n fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń ṣeré, tí kò sì le mọ́ rárá.

"Ẹ rí i? Ó ti gbóná. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo ń tijú rẹ̀ ni mi ò fi sọ. Ọwọ́ tí ẹ rí yìí ni mo fi kọ́ ọmọ ìlú yìí ní A, B, D. Ta ló wà níhìn-ín tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí síléètì rí, tí wárápá ràn án?"

Ọkùnrin kan, bàbá olówó kan tó sanra, dìde láti ẹ̀yìn.

"Háà! Tíṣà! Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í tètè fi etí wa sílẹ̀!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn mìíràn dìde, wọ́n ní ẹ̀rí tiwọn náà nìyẹn, etí àwọn mọ ọwọ́ Tíṣà. Bàbá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Pírínsípà ní kí a gba ìwé wá lọ́dọ̀ dókítà kí ẹnu lè pa mọ́, pé ní ti òun, mo lè padà sí yàrá mi lọ́jọ́ náà gan-an. Bí a ti ń jáde, Màmá fi apá kọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ẹ̀rù bà mí o. Mo rò pé ó máa kọ̀ láti le lójú wọn."

Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni a lọ. Dókítà obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ṣì tutù ló gbà wá. Ó fi òòlù kékeré onírọ́bà lu ẹran tó wà ní ìdí àtàǹpàkò Màmá, àtàǹpàkò náà tẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́, ó jókòó síbẹ̀, kó tó máa padà díẹ̀díẹ̀. Dókítà náà ṣe é fún èmi náà, ó ṣe é fún Mọ́mì. Ó wá gbé ẹ̀rọ kan wá, ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ ẹran apá Màmá. Ó ní kí wọ́n di ìkúùkù, kí wọ́n tú u. Ariwo kan jáde láti inú ẹ̀rọ náà: vùùùù, ó ròkè, ó rọlẹ̀, ó tún ròkè, ó wá ń jìnnà lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ọ̀kadà níná tó sì gbà á lọ.

Màmá wo apá wọn. "Dókítà, ta ló gbé ọ̀kadà wọ inú apá mi?"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, Màmá dá a dúró.

"Sọ ọ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, o ò tíì kọ́ wọn."

Dókítà náà wá fa àga sún mọ́ wa. Ó ní ẹran apá, fọ́nrán wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò jọ, bí òwú. Bí èèyàn bá fẹ́ di nǹkan mú, ọpọlọ á ránṣẹ́, iṣẹ́ náà á sì di iná mànàmáná kékeré tó ń sáré lórí awọ fọ́nrán náà, tó sì ń wọ inú rẹ̀ lọ. Bí iná náà bá ti wọlé, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kálísíọ́ọ̀mù tó wà nípamọ́ nínú fọ́nrán á tú jáde, òun ló ń mú kí fọ́nrán náà sún kì, kí ọwọ́ sì dì. Bí iná bá kú, kálísíọ́ọ̀mù á padà sínú àpò rẹ̀, fọ́nrán á dẹ̀, ọwọ́ á tú. Gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú ojú. Bó ṣe rí nínú ẹran ara èèyàn ló rí nínú ti màlúù, ajá àti eku.

"Kí ló wá ń pa iná náà?" ni Màmá bi í.

"Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wà, mà. Awọ fọ́nrán ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí ohun kan tó wà nínú iyọ̀ ń gbà kọjá. Òun ló ń jẹ́ kí iná náà parọ́rọ́. Tiyín ò ṣí bó ṣe yẹ. Ọpọlọ yín ti dákẹ́, fọ́nrán ṣì ń tan iná fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá lò ó léraléra, á wá dẹ̀, àwa gan-an ò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán."

Màmá mi orí. "Ó yé mi. Tíṣà ti jáde kúrò ní kíláàsì, àwọn ọmọ ṣì ń kígbe A, B, D lọ."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà! Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló sì wà, ọmọ lè bá a lára òbí."

Mọ́mì ló béèrè èyí tí ó wà lọ́kàn gbogbo wa. "Ṣé ó ń pani?"

"Kì í pani, mà. Ẹ kàn máa ṣọ́ra níbi tí ìfòyà òjijì bá ti lè gbé yín ṣubú."

Mọ́mì bú sẹ́kún. Màmá ò sunkún. Wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní, "Ohun tí kò lè pa mí ni mo ti ń sá pamọ́ fún láti kékeré!"

Láti ọjọ́ náà, Màmá kò pe nǹkan kan ní làkúrègbé mọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún ni Ìyá Ṣàngódélé. Bí ìyá náà ṣe gbọ́ pé iná mànàmáná ló wà nínú apá ìyàwó wọn, ó fò dìde pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀.

"Kábíyèsí o! Ṣàngó ni! Mo ti mọ̀ tipẹ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, ahun lẹ pè mí, ẹ ò pè mí ní Ṣàngó."

"Ahun ńkọ́? Ṣé Ṣàngó máa ń fi ohun tó bá gbá mú sílẹ̀ ni?"

"Áńgílíkà ni mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ó béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí ò ń lọ lọ́wọ́ rẹ ni?"

Kò sí iná nínú ilé lọ́jọ́ náà, bí ó ti sábà máa ń rí. Màmá ń fẹ́ra pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìlú wà lókùnkùn, lára èmi nìkan ni iná ò ti lọ. Kó bá wa pín in kárí."

Èmi ni mo fi fídíò àwọn ewúrẹ́ kan hàn wọ́n lórí fóònù, ewúrẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé irú ara wa ni wọ́n ní. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọn á gan, wọn á ṣubú, wọn á dìde, wọn á máa jẹko lọ. Màmá ní kí n tún un gbé. Wọ́n wò ó títí bátìrì fi fẹ́ẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, bí ewúrẹ́ àdúgbò bá wọlé wá jẹ èèpo iṣu, wọn ò gbà kí a lé e lójijì mọ́. Wọ́n ní, "Ẹ rọra. Ẹ ò mọ èyí tó jẹ́ ìbátan mi."

Nígbà tí mo dàgbà, iṣẹ́ tíṣà náà ni mo bá lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàólójì, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé Túńdé, ọmọ Ìrẹ̀sà, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Mo sọ fún un pé ara mi máa ń le. Mi ò sọ fún un pé ọmọ lè bá a lára mi. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dé ẹnu mi, màá gbé e mì. Mo wá mú un lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan kí Màmá lè rí i. Ó ti ń rẹ̀ wọ́n nígbà náà. Orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń wà. Túńdé dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre fún un, wọ́n ní kó jókòó. Kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ohun tó wà lára Àṣàkẹ́ yìí, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Ọmọ tí ẹ bá bí lè ní i, ó sì lè má ní i. Wọn ò sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ nígbà tó ń fẹ́ mi, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ojú rẹ̀. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Bí o bá fẹ́ lọ, máa lọ nísinsìnyí, a ò ní bá ọ jà."

Mi ò lè wo ojú Túńdé. Mo gbọ́ tó yọ gíláàsì rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Màmá, ní ilé tiwa, ojú ni kì í ríran jìnnà. Bàbá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, èmi, gíláàsì ni gbogbo wa ń lò. Bí mo bá yọ èyí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ àbí òpó. Ẹ ò sì tíì bi mí nípa ìyẹn."

Màmá wò ó. Ẹ̀rín gbé wọn débi tí mo fi dìde láti dì wọ́n mú.

"Àṣàkẹ́, fún un lóúnjẹ! Gbé gbogbo ìkòkò wá!"

Nígbà tó ń lọ, wọ́n pè é padà, wọ́n ní kó tẹ́tí. Ohun tí wọ́n sọ fún un, kò sọ ọ́ fún mi títí tó fi di dandan: "Mo ti darúgbó, ara mi kì í sì í bi mí kó tó ṣe tiẹ̀. Bí mo bá kú kí ọjọ́ ìgbéyàwó yín tó pé, ẹ sin mí, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ lọ ṣe é. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sún un síwájú nítorí mi."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ti ń ka orúkọ wa fún ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Màmá sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tí wọn ò jí. A sin wọ́n sí Ọ̀yọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà mi. Àwọn ẹbí jókòó, àwọn àgbà ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kí a tó lè gbọ́ orin ìgbéyàwó nínú ilé náà. Mi ò ní agbára láti jiyàn. Túńdé ló dọ̀bálẹ̀ láàárín wọn, ó jíṣẹ́ tí Màmá rán an. Mọ́mì ni wọ́n dìde, tí ojú wọn ṣì wú fún ẹkún, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ẹbí, ohùn ìyá mi gan-an nìyẹn. Ta ló fẹ́ bá wọn jà nínú yín?"

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni a ṣe ìgbéyàwó. A sunkún, a jó, a tún sunkún. Ẹnì kan láàárín àwọn àlejò bi Mọ́mì léèrè pé ṣé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń ṣe ni àbí ìyàwó. Mọ́mì fún un ní ìjókòó, wọ́n bu ìrẹsì fún un kún àwo, wọ́n ní, "Ìyá mi ni a ń ṣe. Jẹun."